Ojú Tí Verna Fi Ń Ṣọ́ Àṣá

Wọ́n ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé àárín ìlú Hamilton, ní Kánádà, nínú oṣù Òkúdù rí. Níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà tó yẹ kí wọ́n jókòó sílé kí wọ́n máa sinmi a gbé àga wá sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọn a wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń kọ mànà bíi ti àwọn tó ń ṣe ọ̀nà, wọn a sì gbójú sókè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí ọmọ àṣá mẹ́ta. Ìyá àwọn ọmọ náà mọ̀ dáadáa pé wọ́n ń wo òun. Kò kàn kà wọ́n sí ni.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ lókìkí tó ti Verna Stasiuk. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa kíréènì ní ilé iṣẹ́ irin tó wà létí adágún. Ó máa ń jókòó sínú yàrá gíláàsì kótópó kan lókè téńté, á máa gbé ìkòkò irin yíyọ́ kọjá lórí àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, kò sì da ẹ̀kán kan sí ẹnikẹ́ni lára rí. Ọdún tí Walter ọkọ rẹ̀ kú ni àṣá kọ́kọ́ yé ẹyin sórí hotẹ́ẹ̀lì tó ga jù láàárín ìlú. Verna kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tó ti ń sunkún, ó wá wo ẹyẹ, kò sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ní ọ̀sán mọ́. Ó ti pé ọdún méjìlélógún.

Àṣá yìí kì í kó igi jọ ṣe ìtẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ orí pèpéle àjà kejìdínlógún ló ń yé ẹyin sí. Bí ìyẹ́ àwọn ọmọ bá ti kún, ọjọ́ kan á pé tí wọ́n á bẹ́. Àwọn kan á fò bíi pé wọn kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Ti àwọn kan sì dà bíi ti àwòdì tó ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, tó ní iṣẹ́ kúkú yá. Àmọ́ ibi tí ẹ̀fúùfù ń gbé tiwọn lọ kì í ṣe Ìbarà. Ògiri gíláàsì ilé ìfowópamọ́ ni, tàbí abẹ́ táyà bọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́nà ni pé kí wọ́n mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà ní gbogbo ìgbà. Èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀, wọ́n á sáré da tówẹ̀lì bò ó, wọ́n á gbé e sínú páálí, wọ́n á dá a padà sórí òrùlé hotẹ́ẹ̀lì kó tún gbìyànjú lọ́la. Wọ́n ti gbé ọmọ mọ́kàndínlógójì kúrò nílẹ̀ báyìí. Wọ́n sì ti ṣa òkú mọ́kànlá. Verna mọ ọjọ́ ikú mọ́kọ̀ọ̀kànlá lórí.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ní wákàtí wákàtí, Colleen Furtado, olùkọ́ ilé ìwé tó jẹ́ ọ̀gá wọn, á pe àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí rédíò ọwọ́ tí kálukú gbé dání. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ kan, bó bá rí i, á dáhùn pé, “Mo rí i,” á sì sọ ibi tó wà. Bí kò bá rí i, á ní, “N kò rí i,” lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn á fi àga sílẹ̀, wọ́n á máa wo abẹ́ mọ́tò àti ẹ̀yìn agolo ìdọ̀tí. Kò sí èsì kẹta. “Ó yẹ kó wà níbẹ̀” kì í ṣe èsì. Verna fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé wọn, ní ọdún kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀: Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí, ẹ má kọ ohun tí ọkàn yín rò.

Àṣírí tó wà níbẹ̀ ni pé láti oṣù Ẹrẹ́nà ni ojú Verna ti ń lọ. Kì í ṣe gbogbo ojú náà o. Àárín rẹ̀ ni. Ohunkóhun tó bá tẹjú mọ́ gan-an, ṣe ló ń dà bíi pé ẹnìkan fi àtàǹpàkò ológìrísì ra ojú gíláàsì níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ṣẹ́kù tó fi ń ríran. Dókítà ojú fún un ní ìwé kan tí wọ́n fa ìlà sí, pé kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, kó máa wò ó láràárọ̀. Láràárọ̀ ni ìlà àárín ń wọ́. Nígbà tó sú Verna, ó yí ìwé náà padà, ó kọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tí gbogbo ayé ti ń pè ní Ojú láti ọdún méjìlélógún, bí ojú bá lọ, kí ni wọ́n á máa pè é?

Báyìí ló ṣe di ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ń ṣọ́nà lọ́dún yìí. Wọ́n ti lẹ téèpù aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ òrùka ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọ̀ náà ni wọ́n sì fi ń pe kálukú. Pupa àti Yẹ́lò ti ń fò dáadáa. Búlúù, tó jẹ́ abo, ló gbẹ̀yìn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ kúrò ní ìtẹ́. Ó fò gbá-n-gbà-gbá kọjá títì, ó sì wó lé orí lẹ́tà ńlá tí wọ́n fi kọ orúkọ ilé ìfowópamọ́ sára ilé. Ibẹ̀ ló wà látìgbà náà, tó ń kígbe fún oúnjẹ. Verna ni Búlúù bọ́ sí lọ́wọ́.

Desmond Kilbride, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó tì í. Oníkùn ńlá ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́: ohun tó bá ti rí ló máa ń sọ. Kò mọ̀ pé ẹnu òun yẹn ni Verna fi ń ríran láti ọjọ́ mẹ́rin.

“Verna, kí ló ṣe ọrùn rẹ?” Desmond bi í. “O ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹyẹ bí adìẹ tó ń wo àgbàdo.”

“Ọrùn mi ni, mo lè gbé e síbi tó wù mí. Ìwọ ńkọ́, dónọ́ọ̀tì mẹ́ta láti àárọ̀?”

“Méjì àti ààbọ̀.”

“Ààbọ̀ yòókù wà nínú irùngbọ̀n rẹ.”

Desmond gbọn irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Kí Búlúù ṣáà má fò gba ẹ̀yìn ilé ìfowópamọ́ o. Gáréèjì wa ló wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ mọ́kànlá ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wà lára wọn, a kò pẹ́ rí. A kì í sì í wo ilẹ̀.”

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, bàbá àṣá gbé ẹyẹlé kan wá, ó jù ú sórí lẹ́tà kejì fún ọmọ rẹ̀. Desmond ròyìn rẹ̀: “Ó ti mú un! Wo bó ṣe ń fa ìyẹ́ ẹ̀ tu!” Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin arìnrìn-àjò kan wá bi Desmond ọ̀nà. Ẹ mọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí èèyàn bá bi ní ọ̀nà: ó dìde, ó ń na ọwọ́, ó ń ka títì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú dé òpin. Àárín ìgbà yẹn ni aago mẹ́rin lù.

“Pupa?” ni Colleen pè lórí rédíò. Ẹnìkan dáhùn láti òkè ilé ìgbọ́kọ̀sí pé òun rí i. Yẹ́lò náà, wọ́n rí i.

“Búlúù?”

Verna tẹ ojú mọ́ awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀. Bí èéfín ni gbogbo rẹ̀ rí. Ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́. Ní etí ojú rẹ̀, ó rí nǹkan dúdú lórí lẹ́tà kejì, ìyẹ́ kan sì ń mì lára rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ó mọ̀ pé ó ti tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí òun kò ti gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ó yẹ kó pe Desmond pé, “Wá bá mi wò ó.” Gbólóhùn kékeré báyìí ni. Àmọ́ Desmond á bi í léèrè pé, “Èmi? Ṣebí ìwọ lojú?” Gbogbo rẹ̀ á wá tú síta lójú títì.

“Mo rí i,” ni Verna sọ. “Lórí lẹ́tà kejì.”

“Ó dáa. Ojú Verna bá ti rí i, ó parí nìyẹn.” Colleen kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí ìyá àṣá figbe ta. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣọ́ àṣá fún ọdún kan mọ igbe oúnjẹ yàtọ̀ sí igbe ìjà. Igbe ìjà ni èyí, gbígbóná, láìmí, kì í sì í ṣe lókè ilé ìfowópamọ́ ló ti ń wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni, lọ́hùn-ún. Ìyá ọmọ kò wo lẹ́tà kejì rárá. Àwọn yòókù gbọ́ ọ, àmọ́ wọn kò dìde: Ojú ti ní òun rí Búlúù.

Verna mọ ohun tó wà lórí lẹ́tà náà nígbà yẹn. Òkú ẹyẹlé ni. Àjẹkù. Òun, Verna Stasiuk, ti pe àjẹkù oúnjẹ ní ọmọ àṣá, wọ́n sì ti gbà á gbọ́, gbogbo wọn sì ti jókòó.

Ẹ ó rò pé ó gbé rédíò sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò gbé e. Bí irọ́ bá ti jókòó sí èèyàn lọ́rùn láti oṣù mẹ́ta, kò rọrùn láti sọ ọ́ kalẹ̀. Ó mú tówẹ̀lì rẹ̀, ó ká a sí abẹ́ apá.

“Níbo nìyẹn?” ni Desmond bi í, láì tíì fi arìnrìn-àjò náà sílẹ̀.

“Mò ń lọ tọ̀. Ṣé wàá bá mi lọ?”

“Rárá o. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.”

Ó yí igun ilé ìfowópamọ́ náà, bó sì ti kúrò lójú Desmond ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, sáré arúgbó tí orúnkún ń dá lẹ́kun. Èrò rẹ̀ ni pé òun á rí ọmọ náà, òun á da tówẹ̀lì bò ó, òun á ní òun ṣèèṣì kọjá níbẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ á parí síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbọ́.

Gáréèjì náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bọ́ọ̀sì mọ́kànlá tò sórí ìlà. Lókè, ìyá àṣá ń yí po, ó ń ké. Verna kúnlẹ̀ níbi bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá tẹjú mọ́ ló ń parẹ́. Ó gbé orí sí ọ̀tún, ó rí táyà. Ó gbé e sí òsì, ó rí ògiri. Ó dìde, ó lọ síbi èkejì. Ó rí nǹkan dúdú rìbìtì kan lábẹ́ ìkẹta, ó rọra na ọwọ́ sí i. Epo ọkọ̀ ni. Ó nu ọwọ́ sára ẹ̀wù ọsàn rẹ̀, ó ń sunkún ìbínú. Búlúù lè wà níwájú rẹ̀ gan-an. Iwájú rẹ̀ gan-an ni ibi tí kò ti lè ríran.

Ó tó ìdajì wákàtí tó ti ń wá a bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ilé, wọ́n ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ife kọfí dání. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kùn. Ìkejì kùn.

Verna tẹ rédíò.

“N kò rí i,” ló sọ. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rédíò, ohùn arúgbó. “Búlúù. N kò rí i. Ó wà ní gáréèjì bọ́ọ̀sì, lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ máa bọ̀.”

Colleen ní, “Verna, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹ rí i ni.”

“N kò rí nǹkan kan. Ojú mi ti lọ, Colleen, ó ti lọ láti oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹ wá ẹyẹ ná! Ẹ ó bá mi jà tó bá yá!”

Desmond ló kọ́kọ́ dé, ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀. Kò bi Verna ní ìbéèrè kankan. Ó dojú bolẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì wo abẹ́ bọ́ọ̀sì láti òpin kan dé èkejì bí ẹni tó mọ ohun tó ń wá.

“Ìkeje!” ló pariwo. “Ẹ̀yìn táyà iwájú! Ó wà láàyè!”

Bọ́ọ̀sì keje ti kùn. Iná iwájú rẹ̀ tàn. Verna wà nítòsí rẹ̀ ju Desmond lọ. Ó bọ́ síwájú ọkọ̀ náà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó dojú àtẹ́lẹwọ́ kọ ilẹ̀, ó ń fi wọ́n gbá afẹ́fẹ́ lọ, ó ń gbá a bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń dá kíréènì dúró ní ilé iṣẹ́ irin nìyẹn, nígbà tí nǹkan bá fẹ́ já lé èèyàn lórí. Ó ń rí etí ọkọ̀ lọ́tùn-ún, ó ń rí i lósì. Níbi tó yẹ kí ojú awakọ̀ wà, kò rí nǹkan kan. Kò mọ̀ bóyá awakọ̀ rí òun. Ó dúró síbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì náà sún síwájú díẹ̀, ó mí fúù, ó sì dúró. Fèrèsé ṣí.

“Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre!” Ohùn obìnrin ni. “Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa yín ni?”

“Pa ọkọ̀!” ni Desmond ké láti ilẹ̀. “Rita, èmi Des ni! Pa á!”

“Des? Kí lò ń wá lábẹ́ ọkọ̀ mi?”

“Pa á ná, kí n tó máa ṣàlàyé!”

Ó pa á. Desmond wọ́ ara rẹ̀ wọlé títí dé ìdí ṣòkòtò. Wọ́n gbọ́ igbe ẹyẹ, wọ́n gbọ́ igbe Desmond, ti Desmond ló gùn jù. “Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi jókòó lórí bọ́ọ̀sì,” ló ń sọ lábẹ́ níbẹ̀, “ẹnì kan kò sọ fún mi pé abẹ́ rẹ̀ dọ̀tí tó báyìí. Yéè! Ó ti mú àtàǹpàkò mi! Jọ̀wọ́ o, àtàǹpàkò ni, kì í ṣe ẹyẹlé!” Nígbà tó jáde, tówẹ̀lì Verna wà láyà rẹ̀, orí ọmọ àṣá yọ jáde níbẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú rokoṣo. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ọwọ́ Desmond, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Colleen dé pẹ̀lú páálí. Ó na apá ẹyẹ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ egungun àyà rẹ̀. Ìyẹ́ ìrù kan ló ṣẹ́, kò sí ohun mìíràn. Ó tì í sínú páálí, ó pa á dé. Ìgbà yẹn ló tó kọjú sí Verna. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Colleen, Verna ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di tówẹ̀lì mú.

“Ogójì ìṣẹ́jú,” ni Colleen sọ. “Verna, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó tí mò ń mu kọfí. Ẹ ní ẹ rí i.”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Ká ní mo sọ, ṣé wàá jẹ́ kí n máa ṣọ́ ẹyẹ kankan?”

Colleen ronú sí i. “Rárá,” ló sọ.

“Ìdí tí n kò fi sọ nìyẹn.”

Colleen ṣí ìwé wọn, ó fún Verna ní bírò. Nígbà tó rí i pé bírò náà ń wá ìlà kiri, ó mú ìka Verna, ó fi lé ibi tí wọ́n kọ ti aago mẹ́rin sí. Verna fa igi lé “Mo rí i.” Ó kọ “N kò rí i” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ gun orí ara wọn.

“Ẹ kò lè pe ẹyẹ mọ́,” ni Colleen sọ. “Inú ń bí mi sí yín gan-an. Lọ́la náà, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa bí mi.”

“Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.”

Colleen lọ gba kọ́kọ́rọ́ òrùlé ní hotẹ́ẹ̀lì. Desmond gbọ́dọ̀ wẹ ọwọ́ rẹ̀. Rita ti ń fà á lọ sínú ilé, ó ń bú u bí wọ́n ṣe ń lọ. Kí Desmond tó tẹ̀ lé e, ó gbé páálí náà lé Verna lórí itan níbi tó jókòó sí létí títì. “Dì í mú,” ló ní. “Má jẹ́ kó ṣí.”

Láàárín ọdún méjìlélógún, Verna kò gbé páálí rí. Ẹni tó lójú kì í fi awò sílẹ̀ lọ gbé ẹrù. Àwọn mìíràn ló máa ń gbé e. Ẹnu yà á bó ṣe fúyẹ́ tó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ìdérí. Búlúù ń ha páálí nínú lọ́hùn-ún, kárá, kárá, ooru ara rẹ̀ sì ń gba páálí bọ́ sí itan Verna. Lókè, ìyá rẹ̀ kò tíì dákẹ́. Verna kò gbójú sókè. Ó di páálí mú.

Bọ́ọ̀sì jáde tán, pẹ́ díẹ̀ sí àkókò wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé Desmond. Aago márùn-ún lù. Rédíò tó wà láyà Verna sọ̀rọ̀.

“Pupa?” Colleen ni, ó ń mí hẹlẹ, ó jọ pé àtẹ̀gùn ló ń gùn. Wọ́n rí Pupa.

“Yẹ́lò?” Wọ́n rí i.

Colleen mọ ibi tí ẹ̀kẹta wà, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Àmọ́ òfin ni òfin, ẹyẹ mẹ́ta ni, orúkọ mẹ́ta ni a ó pè.

“Búlúù?”

Verna ni wọ́n ń dúró dè. Verna rọra mú ọwọ́ kan kúrò lórí páálí, ó tẹ rédíò.

“N kò rí i,” ló sọ. “Ọwọ́ mi ló wà.”